Ìtàn Sir Thomas Lipton, Ẹni tí Ó Fi Ọkọ̀ Ìgbòkun Sáré Ìje Lẹ́ẹ̀marùn-ún

Kò sí ẹni tí ń ná ọjà Ìpàtà ní Ìlọrin tí kò mọ orúkọ Lipton. Bí ènìyàn bá fẹ́ ra tíì, ilé iṣẹ́ yòówù tí ì báà ṣe é, Lipton ni yóò béèrè, ẹni tí ń tà á yóò sì mọ ohun tí ó ń fẹ́. Orúkọ náà ti di orúkọ ewé. Ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú wa ni ó mọ̀ pé orúkọ ènìyàn ni, àti pé nígbà ayé ẹni tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ohun mìíràn yàtọ̀ sí tíì ni ó mú kí òkìkí rẹ̀ kàn yí ayé ká. Ọkùnrin náà fi ọkọ̀ ìgbòkun sáré ìje lẹ́ẹ̀marùn-ún láti gba ife kan, kò sì rí i gbà títí ó fi kú. Ìtàn rẹ̀ ni a fẹ́ sọ fún ẹ̀yin olùkọ́ wa ọ̀wọ́n àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa nínú ìwé yìí, nítorí a rò pé ó kan iṣẹ́ tí a ń kọ́ láti ṣe.

Ìlú Glasgow ní ilẹ̀ Scotland ni a bí Thomas Lipton sí, ní ọjọ́ kẹwàá oṣù karùn-ún ọdún 1848. Nígbà tí ó dàgbà, ọdún 1850 ni òun fúnra rẹ̀ máa ń sọ pé a bí òun, ṣùgbọ́n àwọn tí ó wádìí ìtàn rẹ̀ fara mọ́ 1848. Ará ilẹ̀ Ireland ni bàbá àti ìyá rẹ̀. Ní àkókò ìyàn ńlá, nígbà tí àrùn kọlu ọ̀dùnkún tí í ṣe oúnjẹ àwọn tálákà ilẹ̀ náà, ni wọ́n ṣí wá sí Glasgow láti wá iṣẹ́. Àdúgbò àwọn mẹ̀kúnnù tí a ń pè ní Gorbals ni wọ́n ń gbé. Bàbá rẹ̀ ṣe oríṣiríṣi iṣẹ́ ọ̀yà, lẹ́yìn náà ni òun àti ìyàwó rẹ̀ ṣí ìsọ̀ kékeré kan, níbi tí wọ́n ti ń ta bọ́tà, ẹyin àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀ gbígbẹ.

Owó kò tó nínú ilé wọn, nítorí náà ọmọ náà fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ kí ó tó pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó ṣe ọmọ-iṣẹ́ ní ilé ìtẹ̀wé, lẹ́yìn náà ó gba iṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tí ń gé aṣọ ṣẹ́ẹ̀tì, ó sì ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ alẹ́ nígbà tí ó bá ti ibi iṣẹ́ dé. Ohun kan tí ó fẹ́ràn láti kékeré ni ọkọ̀. Nígbà tí ó di arúgbó, ó kọ ọ́ sínú ìwé ìrántí rẹ̀ pé òun a máa fi pákó ṣe ọkọ̀ kékeré, òun a fi bébà ṣe ìgbòkun rẹ̀, òun àti àwọn ọmọ àdúgbò a sì máa fi wọ́n sáré ìje lórí omi tí ó bá dá rogún sí ilẹ̀.

Ní ọdún 1864 ó gba iṣẹ́ ọmọ-ọ̀dọ̀ nínú ọkọ̀ tí ń ti Glasgow lọ sí Belfast. Ó tọ́jú owó ọ̀yà rẹ̀, nígbà tí iṣẹ́ náà sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi owó náà wọ ọkọ̀ lọ sí Amẹ́ríkà. Nǹkan bí ọdún márùn-ún ni ó lò níbẹ̀. Ó ṣiṣẹ́ ní oko tábà ní Virginia. Ó ṣe akọ̀wé owó ní oko ìrẹsì ní South Carolina. Ó kiri ọjà láti ilé dé ilé ní New Orleans. Ní ìkẹyìn ó ṣiṣẹ́ nínú ilé ìtajà ní New York. Ibẹ̀ ni ojú rẹ̀ ti là sí ọ̀nà ìtajà: bí a ti ń to ọjà kí ó lè fa ojú mọ́ra, bí a ti ń kí oníbàárà, àti bí a ti ń polówó.

Ní nǹkan bí ọdún 1870 ó padà sọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀, ní ọdún 1871 ó sì ṣí ìsọ̀ tirẹ̀ ní Stobcross Street ní Glasgow. Ọgbọ́n tí ó lò kò ní ṣòro fún ará ọjà láti mọ̀. Dípò kí ó máa ra ọjà lọ́wọ́ alárọ̀bọ̀ tí ó ti rà á lọ́wọ́ alárọ̀bọ̀ mìíràn, ó ń tọ àwọn àgbẹ̀ Ireland lọ fúnra rẹ̀, ó ń san owó lọ́wọ́, kì í rà á ní àwìn. Nítorí náà ni ọjà rẹ̀ fi ń pọ̀ ju ti ẹlòmíràn lọ. Ó sì mọ ìpolówó dájú. Ó da àwọn ẹlẹ́dẹ̀ sísanra gba ojú pópó kọjá, pẹ̀lú àkọlé tí ń sọ fún ará ìlú pé ìsọ̀ Lipton ni wọ́n ń lọ. Ní ọdún 1881 ó mú wàràkàṣì ńlá kan wá láti Amẹ́ríkà, ó fi owó wúrà pamọ́ sínú rẹ̀, àwọn ènìyàn sì rọ́ wá rà á títí ó fi tán. Nígbà tí ó fi di ọdún 1888, ìsọ̀ rẹ̀ ti tó 300.

Ní àkókò náà tíì wọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nǹkan bí ṣílè mẹ́ta ni wọ́n ń ta ìwọ̀n pọ́n-ùn kan. Ní ọdún 1890, ọdún tí ó tẹ̀ lé ikú ìyá rẹ̀, Lipton wọ ọkọ̀ lọ sí erékùṣù Ceylon, tí a ń pè ní Sri Lanka lónìí. Àrùn ti pa igi kọfí àwọn olóko ibẹ̀, ọ̀pọ̀ oko sì wà tí a fẹ́ tà. Ó ra púpọ̀ nínú wọn, ó sì ń kó ewé tíì láti oko tirẹ̀ lọ sí ìsọ̀ tirẹ̀. Ó di ewé náà sínú páálí kéékèèké tí a ti wọ̀n, kí ẹni tí ń rà á lè mọ iye tí ó rà, ó sì ń ta ìwọ̀n pọ́n-ùn kan ní ṣílè kan àti kọ́bọ̀ méje. Bẹ́ẹ̀ ni tíì ṣe di ohun tí tálákà lè mu. Ó yẹ kí a sọ òtítọ́ pẹ̀lú pé ọ̀pọ̀ tí ọjà náà pọ̀ yìí kò ṣẹ̀yìn àwọn òṣìṣẹ́ Tamil tí a kó wá láti gúúsù ilẹ̀ Íńdíà, tí wọ́n ń já ewé náà fún owó ọ̀yà kékeré. A kò gbọdọ̀ fi iyì ọlọ́jà bo làálàá wọn mọ́lẹ̀.

Ní ọdún 1897, nígbà tí Ọbabìnrin Victoria pé ọgọ́ta ọdún lórí ìtẹ́, wọ́n dá owó jọ láti se àsè fún àwọn tálákà ìlú London. Owó náà kò pé. Lipton sì fi £25,000 kún un. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni a fi oyè dá a lọ́lá, tí ó di Sir Thomas Lipton. Ó ti tó ẹni àádọ́ta ọdún, owó sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà náà ni ọkàn rẹ̀ padà sí ọkọ̀ ìgbòkun tí ó ti fi ṣeré nígbà èwe.

Ife tí ó ń wá ní ìtàn tirẹ̀. Ní ọdún 1851, ọkọ̀ ìgbòkun kan tí ń jẹ́ America wá láti New York sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó bá àwọn ọkọ̀ ilẹ̀ náà sáré yí erékùṣù Wight ká, ó sì borí gbogbo wọn. Ife fàdákà tí ó gbà ni àwọn tí ó ni ín fi lé ẹgbẹ́ New York Yacht Club lọ́wọ́ ní ọdún 1857, kí ẹgbẹ́ ilẹ̀ òkèèrè yòówù tí ó bá rò pé òun lè borí lè wá du ú. Ife America ni a ń pè é láti ìgbà náà, nítorí orúkọ ọkọ̀ tí ó kọ́kọ́ gbà á. Ọwọ́ àwọn ará Amẹ́ríkà ni ó wà fún ọdún 132, títí àwọn ará Australia fi gbà á ní ọdún 1983. Ẹ lè rí i pé ohun tí Lipton dáwọ́ lé kì í ṣe ohun kékeré.

Ní Ìlọrin, ẹṣin ni a mọ̀ ju ọkọ̀ lọ. Odò Àsà la ìlú wa kọjá, ṣùgbọ́n kì í ṣe omi tí a ń ta ìgbòkun sí. Nítorí náà a ó ṣàlàyé ìje náà díẹ̀. Ọkọ̀ ìgbòkun tí a fi ń sáré ìje kì í lo ẹ̀rọ, a kì í sì í fi àjẹ̀ wà á. Afẹ́fẹ́ nìkan ni agbára rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá ti ẹ̀yìn tàbí ẹ̀gbẹ́ wá, ọ̀nà rọrùn. Bí ó bá ti iwájú wá, ọkọ̀ kò lè kọjú sí i tààrà. Yóò máa yà sí ọ̀tún, yóò tún máa yà sí òsì, bí ẹni tí ń gun òkè gíga. Atukọ̀ tí ó bá mọ ìgbà tí ó yẹ láti yí ìtọ́kọ̀ ni yóò gba iwájú mọ́ ẹnìkejì rẹ̀ lọ́wọ́. Bí afẹ́fẹ́ bá sì kú, àwọn méjèèjì yóò dúró sójú kan, bó ti wù kí wọ́n lókun tó. Ọkọ̀ tí ó tóbi a máa yára ju èyí tí ó kéré lọ. Nítorí náà, ní ayé ìgbà náà, a máa wọn àwọn ọkọ̀ kí ìje tó bẹ̀rẹ̀, èyí tí ó tóbi a sì fún èyí tí ó kéré ní ìṣẹ́jú tàbí ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀.

Òfin kan tún wà tí ó nira fún àlejò. Ọkọ̀ tí ó bá wá du ife náà gbọ́dọ̀ gba orí omi la òkun já kí ìje tó bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà a gbọ́dọ̀ kàn án kí ó nípọn, kí ó lè fara da ìjì. Àwọn onílé kò ní òkun kankan láti là, wọ́n sì lè kan tiwọn kí ó fúyẹ́ bí ìyẹ́ ẹyẹ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi òfin yìí sọ́kàn, nítorí a ó padà sí i.

Ẹgbẹ́ tí ó lọ́lá jù lọ láàárín àwọn ọlọ́kọ̀ ìgbòkun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà ni Royal Yacht Squadron. Àwọn ọ̀tọ̀kùlú inú rẹ̀ kò fẹ́ onísọ̀ láàárín wọn, wọn kò sì gba Lipton wọlé. Kò bá wọn jà. Ó gba ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ Royal Ulster Yacht Club ti ilẹ̀ Ireland lọ, ó kan ọkọ̀, ó sì sọ ọ́ ní Shamrock, orúkọ ewé kékeré tí àwọn ará Ireland fi ń ṣe àmì ilẹ̀ wọn.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1899, Shamrock bá Columbia pàdé lójú òkun nítòsí New York. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni afẹ́fẹ́ kò tó, tí ìje sì fi orí ṣánpọ́n. Guglielmo Marconi, ọ̀gbẹ́ni tí ó ṣe ẹ̀rọ tí ń fi ìròyìn ránṣẹ́ láìsí wáyà, wà lójú omi níbẹ̀, ó ń fi ẹ̀rọ rẹ̀ ròyìn ìje náà fún àwọn oníwèé-ìròyìn. Ní ìje kejì, orí òpó Shamrock ṣẹ́. Columbia kò dúró dè é. Ó ń bá eré tirẹ̀ lọ títí ó fi parí. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ni àwọn méjèèjì ti fi ẹnu kò pé ẹni tí ohun èlò rẹ̀ bá bàjẹ́ ni yóò ru ẹrù ara rẹ̀. Lipton kò sì kùn, nítorí ó ti fọwọ́ sí àdéhùn náà. Columbia borí ní ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹni tí ó tọ́ ọkọ̀ náà ni Charlie Barr, tí í ṣe ọmọ ilẹ̀ Scotland gẹ́gẹ́ bí Lipton fúnra rẹ̀.

Ó padà sílé, ó kan Shamrock Kejì. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1901, nígbà tí wọ́n ń dán an wò, Ọba Edward Keje wà nínú ọkọ̀ náà. Afẹ́fẹ́ líle dé lójijì, òpó àti ìgbòkun sì wó lulẹ̀. Kò sí ẹni tí ó fara pa, ṣùgbọ́n ọkọ̀ bàjẹ́, wọ́n sì tún un ṣe. Nígbà tí wọ́n dé Amẹ́ríkà, Columbia ni wọ́n tún bá pàdé. Nínú ìje kẹta, Shamrock Kejì ni ó kọ́kọ́ kọjá òpin, ìṣẹ́jú àáyá méjì péré ni ó sì fi ṣáájú. Ṣùgbọ́n ó jẹ ọkọ̀ kejì ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́tàlélógójì gẹ́gẹ́ bí òfin ìwọ̀n. Nígbà tí a ṣírò rẹ̀, Columbia ni ó borí. Ẹni tí ó bá ti jókòó nínú ìdánwò, tí ó sì fi máàkì kan péré pàdánù, yóò mọ bí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ti rí.

Ní ọdún 1903 ó mú Shamrock Kẹta lọ. Ọ̀nà rẹ̀ kò dára láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí ní oṣù kẹrin, nígbà tí wọ́n ń dán an wò, òpó rẹ̀ wó, ọkùnrin kan nínú àwọn atukọ̀ sì bá a lọ. Ní New York, Reliance ni ó dúró dè wọ́n. Nathanael Herreshoff ni ó ya àwòrán ọkọ̀ yìí, ìgbòkun rẹ̀ sì fẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin 16,000 lọ. Ọkọ̀ tí a ṣe fún ìje nìkan ni, kò lè ṣe iṣẹ́ mìíràn. Nínú ìje tí ó kẹ́yìn, kùrukùru bo ojú òkun, Shamrock Kẹta ṣì ọ̀nà, kò sì rí òpin ìje náà. Reliance borí lẹ́ẹ̀mẹta.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí òfin tí a sọ lẹ́ẹ̀kan. Lipton mọ̀ pé òfin náà kò rọrùn fún àlejò, ó sì mọ̀ pé irú ọkọ̀ bíi Reliance kò ṣe ẹnikẹ́ni ní àǹfààní. Ní ọdún 1907 ó kọ̀wé sí àwọn ará New York pé òun fẹ́ tún wá, bí wọ́n bá gbà kí a fi ọkọ̀ tí ó kéré, tí ó sì le, sáré. Wọn kò gbà. Ó dúró. Kò jáde láti sọ pé ìrẹ́jẹ ni a fi gba àwọn ìje ìṣáájú lọ́wọ́ òun. Ohun tí ó ń bá wọn sọ ni bí èyí tí ń bọ̀ yóò ti rí.

Nígbà tí wọ́n gbà fún un, ó kan Shamrock Kẹrin. Ọkọ̀ náà wà lójú òkun, ó ń lọ sí New York ní ọdún 1914, nígbà tí ogun ńlá bẹ́ sílẹ̀. Wọ́n gbé e sórí ilẹ̀ ní Brooklyn títí ogun fi parí. Ní ọdún 1915 Lipton fi ọkọ̀ ìgbafẹ́ tirẹ̀ tí ń jẹ́ Erin kó àwọn dókítà àti àwọn nọ́ọ̀sì àti oògùn lọ sí ilẹ̀ Serbia, níbi tí àrùn ibà ti ń pa àwọn ọmọ-ogun àti ará ìlú. Lẹ́yìn náà ìjọba gba Erin fún iṣẹ́ ogun, ó sì rì ní òkun Mẹditaréníà ní ọdún 1916.

Ní oṣù keje ọdún 1920 ni Shamrock Kẹrin àti Resolute pàdé. Nínú ìje kìn-ín-ní, okùn tí ó gbé ìgbòkun Resolute ró já, ó sì jáwọ́, Shamrock borí. Nínú ìje kejì Shamrock tún borí. Ìje mẹ́ta nínú márùn-ún ni a fẹ́, ó sì ku ọ̀kan ṣoṣo kí ife náà kúrò ní Amẹ́ríkà. Gbogbo ayé ni ó ń retí rẹ̀. Ṣùgbọ́n Resolute gba ẹ̀kẹta, ó gba ẹ̀kẹrin, ó sì gba ẹ̀karùn-ún. Nígbà yìí Lipton ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún.

Ọdún mẹ́wàá tún kọjá. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1930, nígbà tí ó di ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin, ó mú Shamrock Karùn-ún lọ sí Newport ní ìpínlẹ̀ Rhode Island. Ní àkókò yìí, òfin kan náà ni a fi kan ọkọ̀ méjèèjì. Kò sí fífún ara ẹni ní ìṣẹ́jú mọ́, ẹni tí ó bá kọ́kọ́ dé ni ó borí. Apá kan nínú ohun tí ó ti ń béèrè ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Síbẹ̀ Enterprise, ọkọ̀ tí Harold Vanderbilt ń tọ́, ní òpó irin tí ó fúyẹ́ àti àwọn ohun èlò tuntun tí ń fa okùn, ó sì borí lẹ́ẹ̀mẹrin láìfi ọ̀kan sílẹ̀. Lipton kí àwọn tí ó borí, ó sì gbà pé ọkọ̀ wọn dára ju ti òun lọ.

Nígbà náà ni ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí ṣẹlẹ̀. Will Rogers, apanilẹ́rìn-ín tí gbogbo Amẹ́ríkà mọ̀, kọ̀wé sí ìwé ìròyìn pé kí ẹni kọ̀ọ̀kan tí ó bá fẹ́ mú dọ́là kan wá, kí a fi ra ife fún bàbá arúgbó náà. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ni ó fi owó ránṣẹ́, olówó àti mẹ̀kúnnù. Ní oṣù kejìlá ọdún 1930, ní gbọ̀ngàn ìlú New York, Jimmy Walker tí í ṣe olórí ìlú náà gbé ife wúrà lé Lipton lọ́wọ́. Nínú ayò ọlọ́pọ́n, ọ̀ta ni a ń yìn, ọ̀pẹ ni a sì ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ní ọjọ́ yìí, àwọn ọ̀ta ni ó dá owó jọ láti yẹ́ ọ̀pẹ sí.

Ní ọdún 1931, ẹgbẹ́ tí ó ti kọ̀ ọ́ nítorí ìsọ̀ gbà á wọlé níkẹyìn. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ó kú, ní ọjọ́ kejì oṣù kẹwàá ọdún náà, ó jẹ́ ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin. Wọ́n gbé òkú rẹ̀ lọ sí Glasgow, wọ́n sì sin ín sí ẹ̀gbẹ́ àwọn òbí rẹ̀. Púpọ̀ nínú ohun ìní rẹ̀ ni ó fi sílẹ̀ fún ìlú náà, fún àwọn tálákà àti ilé ìwòsàn rẹ̀, ó sì fi ilé rẹ̀ ní àgbègbè London sílẹ̀ fún àwọn nọ́ọ̀sì. Ní ọdún 1932 ni a dá ẹgbẹ́ Lagos Yacht Club sílẹ̀ ní Èkó, àti láti ìgbà náà ni a ti ń fi ọkọ̀ ìgbòkun sáré ìje lórí ọ̀sà wa pẹ̀lú.

Ẹnìkan lè sọ pé ọjà ni ọkùnrin yìí ń polówó, kì í ṣe eré ni ó ń ṣe. Àwa kò sẹ́ ẹ. Orúkọ rẹ̀ tí ó wà nínú ìwé ìròyìn Amẹ́ríkà lójoojúmọ́ ran tíì rẹ̀ lọ́wọ́ gidigidi, ẹni tí ó ti da ẹlẹ́dẹ̀ gba ojú pópó kò sì lè ṣàìmọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹlòmíràn lè sọ pé òun kọ́ ni ó ń tọ́ ọkọ̀ náà, àwọn atukọ̀ tí ó ń sanwó fún ni. Òtítọ́ ni èyí náà. Ṣùgbọ́n àwọn olówó mìíràn wà tí wọ́n pàdánù ìje kan náà, tí wọ́n sì fi ìbínú padà sílé, tí wọ́n pe àwọn tí ó borí ní arẹ́nijẹ. A kò rí ẹni tí ó dá owó ra ife fún wọn. Ohun tí àwọn ará Amẹ́ríkà rí lára Lipton kò ṣeé fi owó rà.

Ohun tí àwa rí kọ́ ni èyí. Ìgbà méjì ni ẹni tí ń díje lè sọ̀rọ̀ nípa òfin. Ó lè sọ̀rọ̀ kí ìje tó bẹ̀rẹ̀, ó sì lè sọ̀rọ̀ nígbà tí ó bá ti pàdánù. Ṣáájú ni Lipton máa ń sọ tirẹ̀, ní gbangba, pẹ̀lú ìwé. Bí wọ́n bá gbà, yóò lọ. Bí wọn kò bá gbà, yóò yàn bóyá òun yóò lọ bẹ́ẹ̀ tàbí òun yóò dúró. Bí ó bá sì ti lọ, ó ti fọwọ́ sí òfin nìyẹn, kò ní sọ pé òfin burú nítorí pé kò gbè é.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ jẹ́ kí a wo ara wa. Ní àárín wa, bí ẹnìkan bá borí wa nínú eré ìje, a máa ń sọ pé oògùn ni ó lò. Bí ìsọ̀ ẹnìkejì bá ń tà ju tiwa lọ ní Ìpàtà, a máa ń sọ pé ó fi nǹkan sábẹ́ ọjà. Bí a bá ṣubú nínú ìdánwò, a ní olùkọ́ kò fẹ́ràn wa. Àwọn ọmọ tí a ó kọ́ ń gbọ́ ọ̀rọ̀ wọ̀nyí láti ẹnu àgbà, wọ́n sì ń dì í mú. Ọmọ tí ó bá gbà pé oògùn ni ó borí òun kò ní béèrè bí ẹsẹ̀ òun ti lọ́ra tó, kò sì ní kan ọkọ̀ mìíràn.

Nítorí náà, nígbà tí a bá dé ilé-ẹ̀kọ́ tí a ó rán wa lọ, tí ọjọ́ eré ìje sì pé, ẹ jẹ́ kí a ka òfin eré sí etí àwọn ọmọ kí wọ́n tó dúró sí ojú ìlà, kí a sì fi ààyè sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá ní àròyé láti sọ ọ́ nígbà náà. Bí eré bá parí, kí ẹni tí ó pàdánù lọ bọ ẹni tí ó borí lọ́wọ́. Ní ọjọ́ kejì, kí olùkọ́ pe ẹni tí ó pàdánù sọ́dọ̀, kí ó bi í ní ohun tí ó rò pé ó yẹ kí òun tún ṣe. Ìbéèrè yìí ni Lipton ń bi ara rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ó bá ti New York padà dé, ìdáhùn rẹ̀ a sì jẹ́ ọkọ̀ tuntun.

Ó sì yẹ kí àwa olùkọ́ ọ̀la kọ́kọ́ lò ó fún ara wa. Púpọ̀ nínú wa ni yóò pàdánù ohun kan kí a tó kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ yìí, ìbáà ṣe ìdánwò, ìbáà ṣe ipò, ìbáà ṣe ibi iṣẹ́ tí ọkàn wa fẹ́. Ojú àwọn ọmọ yóò wà lára wa ní ọjọ́ náà. Ohun tí wọ́n bá rí wa ṣe ni wọn yóò ṣe.